Bó o ṣe máa ṣètò ìgbéyàwó oyinbo nílùú Ọba tó o bá ń ti Nàìjíríà bọ̀

Déètì ló máa ń kọ́kọ́ dàrú mọ́ àwọn ìyàwó wa lọ́wọ́. Wọ́n á ti san àsansílẹ̀ họ́ọ̀lù, káàdì ìpè ti jáde, aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, ìyá ìyàwó ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì n'Íbàdàn, ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ pé rẹ́jísìrì lè ní kí wọ́n dúró fún 70 ọjọ́, tàbí pé físà tí wọ́n fi wọlé gan-an ò gbà wọ́n láyè láti ṣègbéyàwó. Torí náà bá a ṣe máa tò ó níbí nìyí: ìwé lákọ̀ọ́kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti họ́ọ̀lù tẹ̀lé e, aṣọ àti kéèkì kẹ́yìn. Ìwọ ìyàwó tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, tí ọkọ ẹ sì ti ń gbé níbẹ̀. England àti Wales ni mò ń sọ o, Scotland ní òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tó o máa kó jọ kó o tó bẹ̀rẹ̀

- Pásípọ́ọ̀tù ẹ̀yin méjèèjì, kí ọjọ́ rẹ̀ má sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.
- Ìwé tó fi ibi tí kálukú ń gbé hàn. Ìwé báńkì tàbí bíìlì káńsù dáa fún ọkọ. Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bi rẹ́jísìrì bóyá wọ́n á gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó gbà ẹ́ sílé.
- Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan.
- Tẹ́nì kan nínú yín bá ti ṣègbéyàwó rí, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí kọ̀ọ̀tù fi parí ẹ̀ pátápátá, tàbí ìwé ikú ẹni tó ti lọ. Ojúlówó ni o, fọ́tòkọ́pì ò ní ṣiṣẹ́.
- Ìwé ìyípadà orúkọ tí orúkọ ò bá dọ́gba. Tí pásípọ́ọ̀tù bá pè ẹ́ ní Fọláṣadé, tí ìwé kọ̀ọ̀tù sì pè ẹ́ ní Ṣadé, fún wa Ṣadé kan náà ni, fún rẹ́jísítírà èèyàn méjì ni.
- Orúkọ àti iṣẹ́ bàbá pẹ̀lú ìyá ẹ̀yin méjèèjì. Láti oṣù karùn-ún 2021 orúkọ ìyá náà ti ń wọ ìwé.
- Ẹnì kan tó ń gbé níbẹ̀ tó máa ń gbé fóònù, tó sì lè lọ wo họ́ọ̀lù fún ẹ.

1. Gba físà tó tọ́

Físà àbẹ̀wò lásán, èyí tí gbogbo èèyàn fi ń lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Peckham ní London, ò gbà ẹ́ láyè láti ṣègbéyàwó, kò tiẹ̀ gbà ẹ́ láyè láti lọ sọ ní rẹ́jísìrì pé o fẹ́ ṣe é. Àwọn kan á ní àwọn ti ní ti ọdún méjì nínú pásípọ́ọ̀tù, kí làwọn tún fẹ́ fi owó gba òmíràn ṣe. Gba òmíràn.

Méjì ló kàn ẹ́. Tó o bá fẹ́ wá ṣègbéyàwó kó o sì padà sílé, Marriage Visitor visa ni. Ó ń fún ẹ ní oṣù 6, o lè béèrè fún un láti oṣù 3 ṣáájú ọjọ́ tó o máa wọkọ̀, wọ́n sì sábà máa ń dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ 3. Àmọ́ o ò lè jókòó síbẹ̀ kó o yí i sí físà ìyàwó, dandan ni kó o jáde. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ dúró ti ọkọ ẹ, tí òun sì jẹ́ ọmọ ìlú Ọba tàbí ẹni tó ti gba ìwé ìgbélùú, èyí tí wọ́n ń pè ní fiancée visa ni kó o béèrè. Oṣù 6 lòun náà, o ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbéyàwó o lè béèrè físà ìyàwó láìjáde. Èyí le díẹ̀: wọ́n máa wo owó tó ń wọlé (£29,000 lọ́dún ló kéré jù láti oṣù kẹrin 2024, bí ẹ ò bá ní owó ìpamọ́ tó pọ̀), wàá sì ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ kó o tó kúrò ní Nàìjíríà. Owó físà fúnra ẹ̀ ń yí padà, orí GOV.UK, ìkànnì ìjọba wọn, ni kó o ti wò ó lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ san án, má wò ó lẹ́nu ọ̀rẹ́.

Ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú físà iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ ò nílò ìkankan nínú méjèèjì, àmọ́ ìgbésẹ̀ 2 àti 3 kàn án dáadáa.

Ibi tó le jù lọ nínú ìgbésẹ̀ yìí, tẹ́nikẹ́ni kì í sọ fún ìyàwó: ìdána. Òfin Nàìjíríà ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sí ìgbéyàwó, ìlú Ọba náà sì lè kà á bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìdána n'Íjẹ̀bú ní oṣù kejìlá, tí wọ́n ti gba owó orí ìyàwó, tí alága ìjókòó ti ní kó o mú bíbélì láàárín ẹrù, o lè ti di ìyàwó ẹni lójú òfin. Fiancée visa lè má tọ́ sí ẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni o ò lè dojú kọ rẹ́jísítírà kó o ní omidan ni ẹ́. Bi lọ́yà kí mọ̀lẹ́bí tó mú ọjọ́ ìdána, tó bá sì ṣeé ṣe, ẹ sún un sẹ́yìn ìgbéyàwó Ìlú Ọba. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ẹ ṣáà rọra bá wọn sọ ọ́.

Ohun míì tún ni pé wọ́n máa fẹ́ rí i nínú ìwé físà pé lóòótọ́ lẹ ń múra ìgbéyàwó, ìwé ìdúnàádúrà họ́ọ̀lù tàbí rìsíìtì. Nígbà kan náà èmi ń sọ fún ẹ pé má tíì sanwó ńlá. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kó o wá họ́ọ̀lù tó máa gba àsansílẹ̀ kékeré, tó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè sún déètì.

Kó o tó kọjá: ṣí físà ẹ tó bá jáde, ka irú ẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Tí kò bá sọ pé ti ìgbéyàwó ni, má wọkọ̀, kọ̀wé sí wọn.

2. Ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà kó o tó fẹnu kan déètì

O gbọ́dọ̀ ti gbé ní àgbègbè rẹ́jísìrì kan fún ọjọ́ 7 gbáko kó o tó lè fi ìgbéyàwó tó wọn létí. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 28 làwọn èèyàn fi ń dúró, àmọ́ torí pé àlejò ni ẹ́, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò lè fà á di 70. Má fi 28 ṣírò. Fi 70 ṣírò, tí wọ́n bá wá fún yín ní 28, ẹ máa fi ọpẹ́ sí i.

Àpẹẹrẹ: o dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Láti ọjọ́ kẹsàn-án lo ti lè yọjú sí rẹ́jísìrì, ṣùgbọ́n àpọ́íńmẹ́ǹtì kì í pọ̀, ká ní ọjọ́ 16 lo rí. Ka 70 síwájú, ó di ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún. Fi bí ọ̀sẹ̀ méjì lé e torí ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà, físà ẹ sì máa kú níparí oṣù kẹjọ. Àárín ibẹ̀ yẹn nìkan ni déètì ẹ wà. Ìyàwó tó ní òun máa wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìgbéyàwó, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é.

Oṣù kẹfà dáa nítorí ilẹ̀ kì í ṣú títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, òjò ò sì ní kó má rọ̀, ẹ ra agbòòrùn funfun bíi mélòó kan. Ìgbà òtútù dínwó gan-an, pàápàá tí kì í bá ṣe Sátidé, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá oòrùn ti máa ń wọ̀ ní London kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́ta, inú òkùnkùn lẹ máa ti ya fọ́tò.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ọjọ́ tó o dé, ọjọ́ rẹ́jísìrì, ọjọ́ tí 70 pé, ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ tí físà kú. Kọ márààrún sórí bébà kan ṣoṣo, tí wọn ò bá tẹ̀ léra wọn báyìí, padà sẹ́yìn.

3. Lọ sí rẹ́jísìrì

Ẹ jọ máa lọ ni, ìwọ àti ọkọ, níwọ̀n bí ẹnì kan nínú yín ti jẹ́ àlejò. Kí ọkọ pe ọ́fíìsì náà kó o tó dé, kó bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba irú tiyín, torí ó ní àwọn tí wọ́n yàn fún un. Ní kó gba àpọ́íńmẹ́ǹtì sílẹ̀ látìgbà tí físà bá ti jáde.

Wọ́n lè pè yín wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè wọn ò le: orúkọ ẹnì kejì ẹ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, ọjọ́ ìbí ẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkọ tó ti ń pè ẹ́ ní Baby látọjọ́ yìí tí kò mọ̀ pé Mọ̀túnráyọ̀ wà láàárín orúkọ ẹ, ibẹ̀ ló ti máa làágùn. Orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù ni kó kọ́, bó ṣe tẹ̀ léra, kó fi oríkì sílẹ̀ ná.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí ìgbéyàwó ti máa wáyé lọ́jọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá yí ibẹ̀ padà lẹ́yìn náà, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, owó tuntun, ìdúró tuntun. Torí náà ìgbésẹ̀ 4 tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ ti gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ lórí fóònù kẹ́ ẹ tó débí. Tí lẹ́tà bá sì wá láti ọ́fíìsì ìjọba pé kẹ́ ẹ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ lọ, tẹ́ ẹ bá dákẹ́ wọ́n lè kọ̀ láti fún yín níwèé.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé wọ́n ti sọ fún yín bóyá 28 ni tàbí 70? Ṣé orúkọ ibi ìgbéyàwó tí wọ́n kọ pé pérépéré? Oṣù 12 ni ohun tẹ́ ẹ ṣe yìí fi ń ṣiṣẹ́.

4. Ṣọ́ọ̀ṣì àbí họ́ọ̀lù: ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ mọ òfin ẹ̀

Tó o bá ń rí ìgbéyàwó oyinbo lójú inú, ó dájú pé ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta abúlé lò ń rí, tí agogo ń dún, tí itẹ́ òkú yí i ká. Church of England nìyẹn, Áńgílíkà tiwa náà ni. Ohun tó máa ń ya àwọn ará ilé lẹ́nu ni pé ẹ ò lè kàn dìde mú ṣọ́ọ̀ṣì tó wù yín. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹnì kan nínú yín ń gbé ní páríìṣì yẹn, ìyẹn àgbègbè ṣọ́ọ̀ṣì náà, tàbí ó ti gbé ibẹ̀ fún oṣù 6 rí, tàbí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un, tàbí ó ti ń jọ́sìn níbẹ̀ fún oṣù 6, tàbí ibẹ̀ làwọn òbí tàbí òbí àgbà ẹ̀ ti ṣègbéyàwó. Ọ̀dọ̀ ọkọ lẹ ti máa rí i. Ẹ bi ìyá ẹ̀ dáadáa, wọ́n máa ń gbàgbé pé ìyá àgbà kan ṣègbéyàwó ní abúlé kan ní Somerset.

Èyí ló tún léwu jù: ìkéde ìgbéyàwó tí wọ́n ń kà lọ́jọ́ Sunday mẹ́ta, báwa náà ṣe ń kà á nílé, kò ṣiṣẹ́ fún ìwọ tó o ń ti Nàìjíríà bọ̀, tí o kì í ṣe ọmọ ìlú Ọba tàbí Ireland. Òfin ti yí i padà láti oṣù kẹta 2015. Fíkà (àlùfáà ìjọ) àgbà kan lè má rántí, kó ní ẹ máa bọ̀, òun máa kà á. Ẹ rọra sọ fún un pé ìwé rẹ́jísìrì, ìyẹn Superintendent Registrar's Certificate, lẹ máa mú wá, ti ìwọ àti ti ọkọ. Ó lè ṣì dárúkọ yín kí ìjọ lè gbàdúrà fún yín, ìyẹn ò burú, ó ṣáà gbọ́dọ̀ rí ìwé yẹn kí ọjọ́ tó pé.

Tó bá jẹ́ ìjọ míì, Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì, tàbí àwọn ìjọ tiwa tó ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rùsí, ẹ bi pásítọ̀ ní ìbéèrè kan: ṣé wọ́n ti forúkọ ilé yìí sílẹ̀ fún ìgbéyàwó lábẹ́ òfin? Tó bá ń ṣẹnu mẹ́rẹ́n, ẹ lọ ṣe rẹ́jísìrì lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ gba ìbùkún ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí rẹ́jísítírà wá so yín pọ̀ nínú họ́ọ̀lù tàbí ilé olówó àtijọ́, ilé yẹn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, kò sì sí ẹ̀sìn kankan nínú ètò náà. Kò sí àdúrà, kò sí orin inú hímù, kò sí Bíbélì, pásítọ̀ yín ò lè darí ẹ̀. Màmá ẹ tó fẹ́ dìde gbàdúrà, jẹ́ kó ṣe é níbi oúnjẹ, nígbà tí rẹ́jísítírà ti lọ.

Yẹ̀ ẹ́ wò: o ní lẹ́tà tàbí í-mèèlì tó gbà pé déètì yẹn àti aago yẹn jẹ́ tiyín, látọ̀dọ̀ fíkà, tàbí látọ̀dọ̀ họ́ọ̀lù àti rẹ́jísítírà, torí àwọn méjì yìí yàtọ̀. Àwọn kan ti san owó họ́ọ̀lù láìbá rẹ́jísítírà sọ ọ́.

5. Họ́ọ̀lù, oúnjẹ, àti mo-gbọ́-mo-yà

Ibí ni àṣà wa àti tiwọn ti máa ń forí gbárí. Oyinbo ń ka orí èèyàn. Alásè ń gba owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àga ní orúkọ lórí, ẹni tí kò bá sí nínú ìwé kò ní àga. Kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí káàdì, má kọ "Ìdílé Adéyẹmí", torí Ìdílé Adéyẹmí lè jẹ́ mọ́kànlá. Fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kí ẹ̀gbọ́n ẹ tó nígboyà máa pe àwọn tí kò dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń gba èrò tó pọ̀ láìnáwó tó pọ̀: àlejò ọ̀sán àti àlejò alẹ́. Káàdì tàwọn alẹ́ yàtọ̀, wọ́n á dé lẹ́yìn oúnjẹ, fún ijó àti ìpápánu. Lójú tiwa ó lè dà bí àbùkù, àmọ́ oyinbo kì í bínú sí i. Má fún ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ní káàdì alẹ́ ṣá.

Ọ̀rọ̀ méjì wà lórí káàdì tó ti ṣi àwọn èèyàn wa lọ́nà. Wedding breakfast ni oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn ìsopọ̀, ì báà jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kẹ́nikẹ́ni má wá láàárọ̀ wá bèèrè ògì. Carriages at 11.30 sì túmọ̀ sí pé aago yẹn lẹ máa lọ sílé. Wọ́n á tan iná, wọ́n á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Kó o tó buwọ́ lu ìwé họ́ọ̀lù, bi wọ́n ní nǹkan mẹ́rin:

Ṣé a lè mú alásè tiwa wá? Ọ̀pọ̀ ilé ńlá ní alásè tí wọ́n ti yàn, kò sí ọ̀nà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù níbẹ̀ àfi kẹ́ ẹ fún un ní ohun èlò kẹ́ ẹ sì gbàdúrà. Ṣé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ti alẹ́? Búrẹ́dì oníbékìn tàbí odindi ẹlẹ́dẹ̀ sísun ni wọ́n fẹ́ràn láti gbé jáde lálẹ́, ó sì ṣòro kí ìdílé Yorùbá kan wà tí kò ní alhaji nínú. Èló ni owó ìgò tá a bá mú ọtí tiwa wá? Ẹ̀kẹrin ni ariwo.

Ariwo yìí, ẹ farabalẹ̀. Ọ̀pọ̀ họ́ọ̀lù abúlé ni wọ́n kan àpótí kékeré kan mọ́ ara ògiri rẹ̀, tó ní iná ewé, iná òféfèé, iná pupa. Ohùn máa ń gun iná yẹn bọ̀. Tó bá dé pupa, tí ẹ ò sì rọra ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àpótí náà máa pa iná orí ìtàgé. Gángan ò nílò iná, òun á ṣì máa dún, kíbọ́ọ̀dù àti maikrofóònù ló máa kú láàárín orin tí wọ́n fi ń ki bàbá ìyàwó. Bi wọ́n bóyá ó wà, ibo ni wọ́n gbé e sí, kí olórí báńdì wá gbọ́ ọ pẹ̀lú ìlù gidi kí ọjọ́ tó pé. Tí ìlù bá jọ yín lójú ju ilé ẹlẹ́wà lọ, ẹ wá họ́ọ̀lù míì.

Owó níná náà, ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì yan ẹni tó máa ṣà á. £5 ló kéré jù nínú owó bébà ibẹ̀, ọ̀rá ni gbogbo ẹ̀, kì í lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ìdí nìyẹn táwọn míì fi ń lọ ṣẹ́ dọ́là ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ka orúkọ inú ìwé, ka àga inú ìwé ìdúnàádúrà họ́ọ̀lù. Tí wọn ò bá dọ́gba, má tẹ káàdì.

6. Aṣọ, ìṣe, àti ọjọ́ náà

Aṣọ funfun tó o bá rán ní Nàìjíríà, ọwọ́ ẹ ló máa wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, má fi sínú ẹrù ìsàlẹ̀. Pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kó o bi wọ́n bóyá wọ́n máa kà á mọ́ báàgì ọwọ́ ẹ. Wá télọ̀ kan nílùú Ọba tó máa bá ẹ tún un ṣe, kó o sì wọ bàtà ọjọ́ náà lọ, torí gígùn rẹ̀ lórí bàtà ló ṣe pàtàkì.

Wọ́n máa ní kó o ní ohun àtijọ́ kan, ohun tuntun kan, ohun àyálò kan, ohun aláwọ̀ búlúù kan, àti owó sílífà kékeré tí wọ́n ń pè ní sixpence nínú bàtà òsì. Kò sí ẹni tó ní kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ti oyinbo. Iyùn ìyá àgbà ẹ ni ohun àtijọ́. Gé etí aṣọ ẹtù kan, kí télọ̀ rán an mọ́ abẹ́ gáùn níbi tó ò ní hàn, búlúù ẹ nìyẹn. Sixpence rọrùn láti rà, owó tí wọn ò ná mọ́ láti 1980.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ara ìyàwó ń jókòó lápá òsì, tọkọ lápá ọ̀tún, ẹ yan àwọn ọkùnrin kan tó máa ṣamọ̀nà wọn. Tí ara ìyàwó bá jẹ́ mẹ́jọ nítorí físà, tara ọkọ sì jẹ́ ọgọ́rin, ẹ má yà wọ́n, kí gbogbo wọn dà pọ̀. Owó ọ̀gá dùùrù, akọrin àti agogo wà lọ́tọ̀ sí owó ṣọ́ọ̀ṣì, tẹ́ ẹ bá sì ń ya fídíò, ọ̀gá dùùrù lè béèrè owó sí i. Bi fíkà nípa ohun tí wọ́n ń dà sí ìyàwó lára níta, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ò gba bébà, òdòdó gbígbẹ ni wọ́n gbà.

Àkókò! Aago kan ọ̀sán lórí káàdì túmọ̀ sí pé gbogbo èèyàn ti jókòó kí aago kan tó lù. Ìyàwó lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́, wọ́n tiẹ̀ ń retí ẹ̀. Wákàtí kan yàtọ̀, fíkà lè ní ìgbéyàwó míì lẹ́yìn tiyín, Church of England ò sì ní so yín pọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Sọ àkókò tó ṣáájú fún àwọn ará wa ní Peckham.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ sísọ: bàbá ìyàwó, ọkọ, lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ ọkọ tó dúró tì í, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti fi ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Kìlọ̀ fún bàbá ẹ ṣáájú, kó má bàa rò pé wọ́n ń bú àna òun. Tí bàbá ò bá rí físà gbà, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá lè dìde dípò rẹ̀, kò sí òfin tó dè é.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ẹlẹ́rìí méjì ti wà, wọ́n mọ̀ pé àwọn ni, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í pẹ́.

7. Lẹ́yìn ìgbéyàwó

Ohun tẹ́ ẹ buwọ́ lù lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí rẹ́jísítírà máa dá a padà sí ọ́fíìsì láàárín ọjọ́ 21, ìgbà tí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà lẹ tó lè ra ìwé ẹ̀rí. Ẹ ra ju ọ̀kan lọ, torí físà máa fẹ́ rí i, báńkì máa fẹ́ rí i, ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù náà á fẹ́ rí i. Tó bá jẹ́ Marriage Visitor lo fi wọlé, rà á kó o tó lọ, àtiti Nàìjíríà rà á, wàhálà ni.

Ẹni tó ní fiancée visa, béèrè físà ìyàwó kí oṣù 6 tó pé, má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹni tó ní Marriage Visitor, lọ sílé kó o sì ti ibẹ̀ béèrè.

Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ gbádùn ara yín níbì kan lẹ́yìn ìgbéyàwó, orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ẹ ni kẹ́ ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ bàbá ẹ, bó ti wù kí orúkọ ọkọ máa dùn mọ́ ẹ lẹ́nu tó.